Ìgbà ìrúwé ní Nẹ́dálándì: níbo ni kí a lọ, ayẹyẹ wo ni kí a bá wọn ṣe?

Ìyá Ìbejì, Delft, béèrè pé:

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ti pẹ́ ní Nẹ́dálándì, mo kí yín o. Ìgbà tí ewé ń rẹ̀ dànù lórí igi ni a dé ìlú Delft nítorí iṣẹ́ ọkọ mi. Láti ìgbà náà, òtútù àti òkùnkùn tó ń ṣú kí iṣẹ́ tó parí kò jẹ́ kí a mọ ibì kan ju ilé ìwé àwọn ọmọ, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà lọ. Ní báyìí tí ojú ọjọ́ ti ń là, tí àwọn òdòdó kéékèèké aláwọ̀ àlùkò àti funfun ti ń yọrí nínú koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo rí i pé ara àwọn aládùúgbò wa ti yá gágá, wọ́n ti ń gbé àga síta, wọ́n sì ń dúró kí ènìyàn.

Màmá mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta ní àárín oṣù Kẹrin, wọn yóò sì wà lọ́dọ̀ wa títí di ìparí oṣù Karùn-ún. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn òde, àgbẹ̀ sì ni wọ́n títí di òní. Àwọn ìbejì wa ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ẹ rò pé ó yẹ kí a mú wọn lọ. Gbogbo ènìyàn ń dárúkọ Keukenhof, ọgbà òdòdó ńlá kan, fún mi, àwọn kan sì ń sọ pé ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń ya fọ́tò lásán ni.

Yàtọ̀ sí èyí, aládùúgbò wa kan ní kí a wá pàtẹ ọjà pẹ̀lú òun ní Koningsdag, ìyẹn ọjọ́ ìbí ọba wọn, kí àwọn ọmọ lè ta àwọn ohun ìṣeré tí wọ́n ti dàgbà jù. N kò mọ̀ bóyá ó bófin mu fún àlejò bíi tiwa. Mo tún rí i lórí kàlẹ́ńdà ilé ìwé pé ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún jẹ́ ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, tí ọjọ́ 5 sì jẹ́ ọjọ́ òmìnira. Ṣé àlejò lè lọ bá wọn ṣe é, àbí ti àwọn onílé nìkan ni?

Àgbà Leiden dáhùn pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àforítì òtútù, ẹ sì kú ìmúra sílẹ̀ de màmá. Ẹ mú wọn lọ sí Keukenhof láìṣiyèméjì. Òótọ́ ni pé àlejò láti gbogbo ayé ló ń rọ́ lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà inú ọgbà náà tẹ́jú, àga ìjókòó wà káàkiri, ẹni tí orúnkún ń dùn lè fara balẹ̀ rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ìlú Lisse ló wà, ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 32, nǹkan bíi mílíọ̀nù méje ìdí òdòdó ni àwọn olùtọ́jú rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ gbìn lọ́dọọdún kí òtútù tó wọlé. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ń ṣí i, láti nǹkan bí àárín oṣù Kẹta sí àárín oṣù Karùn-ún. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, nítorí ẹ óò yan wákàtí tí ẹ fẹ́ wọlé. Òwúrọ̀ kùtùkùtù láàárín ọ̀sẹ̀ ló dára jù. Láti Delft, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Leiden, ẹ óò rí bọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà ọgbà náà lẹ́bàá ibùdókọ̀.

Síbẹ̀, níwọ̀n bí màmá ti jẹ́ àgbẹ̀, oko ni mo fẹ́ kí wọ́n rí ju ọgbà lọ. Ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ pé kì í ṣe nítorí òdòdó orí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbin túlíìpù tó kún àwọn oko tó wà láàárín Leiden àti Haarlem. Ìdí rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀, tó rí bí àlùbọ́sà, ni ọjà àgbẹ̀. Bí òdòdó bá ti tanná, àgbẹ̀ á máa rìn láàárín ebè, á máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí àrùn bá ti mú, á hú u dànù kí ó má baà ran àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á wá gé orí gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò ké pé wọ́n ń ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n bí òdòdó bá ti kúrò lórí, agbára tí ì bá fi so èso yóò padà sísàlẹ̀, ìdí yóò tóbi, wọn yóò sì wà á nígbà tí ooru bá mú. Mo ti dúró létí oko kan ní Hillegom rí ní àárọ̀ tí wọ́n ń gé e. Oko tó pupa fòò láti etí títì dé etí omi di kìkì ewé kí oòrùn tó kan àtàrí, ìtànná pupa kún inú poro bámú, afẹ́fẹ́ sì ń gbá wọn wá sójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Màmá yóò gbádùn irú ìyẹn, wọn yóò sì ní ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ bi àgbẹ̀ náà, kí ẹ wà nítòsí láti ṣe ògbufọ̀.

Ojú títì ni kí ẹ dúró sí o. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ìbejì wọnú oko nítorí fọ́tò, nítorí bàtà ń gbé àrùn láti oko kan dé òmíràn, ẹsẹ̀ sì ń tẹ ìdí òdòdó fọ́. Ohun ìní oníkálukú ni àwọn oko wọ̀nyí. Àárín oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ni ti túlíìpù sábà máa ń dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù tàbí ooru lè yí i síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí ẹ bá ní mọ́tò, ẹ gbìyànjú dé Noordoostpolder, níbi tí oko túlíìpù ti lọ salalu lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ìsàlẹ̀ omi títí di ọdún 1942 tí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ.

Ọjọ́ Sátidé kan wà ní oṣù Kẹrin tí wọ́n ń ṣe Bloemencorso. Àwọn ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi òdòdó bò láti òkè délẹ̀ á gbéra ní Noordwijk, wọ́n á sì rin ìrìn kìlómítà 42 dé Haarlem. Ẹ tètè dé, kí ẹ gbé àga màmá sí etí ọ̀nà ní Lisse tàbí Sassenheim. Òórùn òdòdó hyacinth ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé wọ́n ń bọ̀.

Oníṣòwò Utrecht dáhùn pé:

Ẹ kú ìjókòó níbẹ̀ o. Ti Koningsdag ni n óò dáhùn, nítorí ọjọ́ náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọdún. Ìyá Ìbejì, ẹ bá aládùúgbò yín lọ. Àlejò àti onílé ni ọjà náà wà fún. Ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ni òfin gba ẹnikẹ́ni láyè láti pàtẹ àlòkù sí etí títì láìgba ìwé àṣẹ, láìsan owó orí lórí ohun tó bá tà. Oúnjẹ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ìjọba ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí ohun jíjẹ títà. Kí ẹ tó din pọ́fù-pọ́fù jọ, ẹ ka ohun tí ìjọba ìlú Delft kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa rẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ni, ọjọ́ tí wọ́n bí Ọba Willem-Alexander ní 1967. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, wọ́n á ṣe é ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní 2025. Ayẹyẹ náà ti pẹ́. Ìlú wa níbí, Utrecht, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1885, nígbà tí Wilhelmina tó padà di ọbabìnrin pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Juliana gorí oyè, ó yí padà sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin tí í ṣe ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Ọbabìnrin Beatrix tó tẹ̀ lé e kò yí i padà, nítorí inú òtútù oṣù Kìíní ni wọ́n bí òun, ta ni yóò sì jókòó síta nínú òtútù bẹ́ẹ̀? Ọdún 2014 ni ó di ọjọ́ 27.

Ẹ óò rí i pé gbogbo ènìyàn wọ àwọ̀ ọsàn. Ìdílé Orange ni ìdílé ọba wọn, ìlú yín gan-an sì ni orírun ìtàn náà kò jìnnà sí. Delft ni wọ́n ti pa Willem ti Orange ní 1584, ẹni tó ṣáájú ogun tí wọ́n fi gba ara wọn lọ́wọ́ ọba Spéènì. Inú Nieuwe Kerk, ṣọ́ọ̀ṣì gíga tó dojú kọ ọjà Markt yín, ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sin àwọn ọba wọn sí títí di òní. Bí màmá bá ní gèlè tàbí ìborùn àwọ̀ ọsàn, kí wọ́n gbé e wá láti ilé. Ní ọdún tí ìyàwó mi wé gèlè aṣọ òkè aláwọ̀ ọsàn jáde, a kò rọ́nà lọ mọ́, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ bá a ya fọ́tò.

Ẹni tó bá ti lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde rí yóò máa retí ẹṣin àti àwọn regberegbe tí wọ́n ń tò wá kí ọba. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níhìn-ín. Ọba àti ìdílé rẹ̀ ló ń lọ bá ará ìlú, wọ́n á yan ìlú kan lọ́dún kan, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri ibẹ̀: Rotterdam ni wọ́n lọ ní 2023, Emmen ní 2024, Doetinchem ní 2025. Kò pọn dandan kí ẹ lépa wọn. Orí aṣọ tí àwọn ọmọdé tẹ́ sílẹ̀ ni ọjọ́ náà wà ní tòótọ́. Ọmọ kan á pàtẹ ìwé àwòrán àti bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, òmíràn á máa fun fèrè tàbí kí ó máa ta gòjé kí ènìyàn lè ju owó ẹyọ sínú fìlà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì ná ọjà dáadáa. Àwọn ará ìhín tí kì í dúnàá-dúrà ní ṣọ́ọ̀bù ń dúnàá-dúrà lọ́jọ́ náà tìdùnnú-tìdùnnú, mo sì ti rí ọmọ bí ọdún mẹ́fà tó kọ̀ jálẹ̀ láti gba ju àádọ́ta sẹ́ǹtì lọ fún ọmọláńgidi rẹ̀ nítorí ó ní iye tí òun dá lé e náà nìyẹn.

Ilé ìwé náà yóò ṣe ayẹyẹ tirẹ̀ ṣáájú, wọ́n ń pè é ní Koningsspelen. Àwọn ọmọ á jẹun òwúrọ̀ pọ̀, wọ́n á sì ṣe eré ìdárayá. Ẹ fi aṣọ àwọ̀ ọsàn rán wọn lọ.

Nọ́ọ̀sì Ede dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ìlú Ede ti Nẹ́dálándì níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún fi jẹ mí lógún púpọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ lọ. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé ìgbélùú yín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú tí kò ní òkúta ìrántí tàbí ère kan níbi tí ará ìlú ń péjọ sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 4. Wọ́n á sọ àsíá kalẹ̀ dé ìdajì òpó. Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, gbogbo orílẹ̀-èdè á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Mo wà lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ó kọ́kọ́ bá mi lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tó wà níwájú mi sọ̀ kalẹ̀, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó tẹrí ba, mọ́tò tó wà lẹ́yìn wa sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ ti ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì pa fóònù. Ní Amsterdam, ọba fúnra rẹ̀ ló ń gbé òdòdó ẹ̀yẹ síwájú ère ìrántí tó wà ní gbàgede Dam.

Àwọn tí wọ́n ń rántí ni àwọn ará ìlú àti ológun tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kejì àti nínú àwọn ogun àti iṣẹ́ àlàáfíà tó tẹ̀ lé e. Ogun yẹn kan àwa náà, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló bá àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ jà ní Burma, bóyá màmá tilẹ̀ mọ ẹni tó lọ nínú ìdílé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n so ó mọ́ ohun tí Àgbà Leiden sọ nípa túlíìpù. Ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, àwọn ọmọ ogun Jámánì dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, Delft sì wà nínú wọn. Ebi pa wọ́n débi pé wọ́n ń jẹ ìdí túlíìpù. Wọ́n á bó o, wọ́n á yọ èèhù pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà láàárín rẹ̀ dànù nítorí májèlé, wọ́n á wá sè é bí ànàmọ́. Nǹkan bí ogún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ìyàn náà pa. Mo ti tọ́jú ìyá arúgbó kan tí kì í jẹ́ kí a da èèpo búrẹ́dì nù, kí n tó gbọ́ ìtàn yìí ni mo ń rò pé ahun ni.

Ọjọ́ 5 jẹ́ ti ìdùnnú pátápátá. Wageningen, tí kò jìnnà sí wa níbí, ni àwọn ọ̀gá ológun ti jókòó sọ̀rọ̀ ìtúúbá àwọn ọmọ ogun Jámánì ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 1945. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan iná òmìnira bí ọjọ́ 4 bá ti ń yí sí ọjọ́ 5 ní ọ̀gànjọ́, àwọn sárésáré á sì gbé e láti ibẹ̀ lọ sí ìlú káàkiri. Ayẹyẹ orin ńlá mẹ́rìnlá ló ń wáyé lọ́jọ́ náà, ọ̀kan wà ní Den Haag lẹ́bàá ọ̀dọ̀ yín. Kí ọkọ yín wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn o, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ 5 àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún.

Bàbá Amstelveen dáhùn pé:

Àbúrò mi, ẹ kú àpérò. N kò bá Àgbà Leiden jiyàn lórí Keukenhof, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọjọ́ tí wọ́n ń tú màlúù sílẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ mú màmá lọ wò. Inú ilé ni àwọn màlúù ń gbé ní gbogbo ìgbà òtútù. Nígbà tí koríko bá hù dáadáa, nínú oṣù Kẹrin lọ́pọ̀ ibi, àwọn àgbẹ̀ kan máa ń pe ará ìlú wá wò bí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ẹranko tó wúwo bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbóòórùn ìta, lójijì á ju ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, á sáré, á fò, ìyókù á tẹ̀ lé e, ilẹ̀ á máa mì tìtì. Àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì fún oko tó wà nítòsí yín, ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó.

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, nínú igbó Amsterdamse Bos, ọgbà kan wà tí igi ṣẹ́rì 400 wà, tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Jàpáánù fi ta ìlú lọ́rẹ ní ọdún 2000. Igi kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ obìnrin tirẹ̀, igba jẹ́ orúkọ Jàpáánù, igba jẹ́ ti Nẹ́dálándì. Ìtànná wọn kì í pẹ́ rárá, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti ń tán kí màmá tó dé, nítorí náà ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ẹ ṣáájú lọ. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún, wọ́n ń ṣí àwọn ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí fún gbogbo ènìyàn jákèjádò orílẹ̀-èdè. Kò pọn dandan kí ẹ lọ jìnnà dé Kinderdijk tó ní mọ́kàndínlógún, De Roos tó wà ní Delft yín ṣì ń lọ ìyẹ̀fun títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti lo ọdún mẹ́wàá níhìn-ín tí gbogbo Sátidé ìgbà ìrúwé wọn fi lọ sórí òwàm̀bẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí kò ní fèrèsé. Mo fẹ́ràn àríyá wa, mo sì ń ná owó fún àwọn onílù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń dàgbà láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó sì yẹ kí a mọ ohun tó ń mú wọn láyọ̀ àti ohun tó ń mú wọn sunkún. Ìyá Ìbejì, inú mi dùn pé ẹ tètè béèrè.

Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì tí òjò kì í gbà wọlé fún màmá, nítorí oòrùn, òjò àti yìnyín lè pàdé ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù Kẹrin. Bí ojú bá sì ń yún àwọn ọmọ, tí wọ́n ń sín lemọ́lemọ́, ó lè jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tí igi ń tú sáfẹ́fẹ́ ló fà á, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó máa rò pé òtútù ni.

Ìyá Ìbejì, Delft, fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Keukenhof fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo sì ti sọ fún aládùúgbò wa pé a ó bá wọn pàtẹ. Àwọn ìbejì ti ń ṣa ohun ìṣeré jọ, wọ́n sì ń jà lórí èyí tí wọn kò ní tà. Nọ́ọ̀sì Ede, ohun tí ẹ sọ nípa ìdí túlíìpù mú mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, n óò ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kí a tó lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 4. Ó ku ohun kan: ṣé màmá lè jókòó tì wá láti òwúrọ̀ títí ní ọjọ́ ọjà náà, àbí èrò yóò pọ̀ jù fún wọn?

Oníṣòwò Utrecht fèsì pé:

Wọ́n lè jókòó, bí ẹ bá pàtẹ sí òpópónà kékeré àdúgbò yín dípò ọjà Markt. Kí ọkọ yín tètè jí lọ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀ ibi tí ẹ fẹ́, bí ìlú yín bá gbà á láyè, kí ibẹ̀ sì wà nítòsí ilé kí màmá lè wọlé lọ sinmi. Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi tajà, nítorí láti ọ̀sán lọ ni orin àti ọtí ń pọ̀ ní àárín ìlú. Ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Amsterdam pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà, nítorí èrò inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n rí àyè jókòó. Ẹ gbé àga tó ní ẹ̀yìn, kúbùsù fún orúnkún wọn àti tíì gbígbóná sínú fùláàsì. Ẹ ṣẹ́ owó ẹyọ sílẹ̀ láti ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí ẹni tó bá ra ìwé sẹ́ǹtì ogún lè na owó ńlá sí àwọn ìbejì, kí àwọn méjèèjì sì má rí ṣéńjì fún un.